Ẹni Tó Ń Sọ Fíìmù fún Mi

Nínú fíìmù tí mo wò kẹ́yìn, wọ́n lé obìnrin kan jáde nílé ọkọ rẹ̀. Mo ní mo wò ó, àmọ́ gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú mi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń yí fìtílà wálẹ̀, títí ó fi ku èéfín lásán. Dókítà ní ohun tó ti lọ kò lè padà mọ́, kí n máa kán oògùn sí ìyókù. Ó fi ohùn ẹni tí ebi ń pa sọ ọ́, ó sì ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn. Ọdún yẹn gan-an ni ọmọ mi tó wà ní Kánádà ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún lè ṣe?

Orogún mi ló ń bá mi wò ó. Àwa méjì péré ló kù nínú ilé tí ọkọ wa kọ́ sí Ẹgbẹ́dá. Èmi ni ìyáálé. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá nílé-ìwé girama, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè mí ní Tíṣà di òní olónìí. Òun, abúlé kan ní Lágelú ni wọ́n ti mú un wá. Tipátipá ló fi ka ìwé mẹ́fà, gaàrí ló sì ń tà ní Adégbayì títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Wolé-wolé ni ọkọ wa, ní ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní kóòtù, kò rántí pé ẹ̀sìn òun gba òun láyè láti fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ọdún kẹtàlá ló tó rántí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Bí orogún mi bá ti kírun alásárì tán, tí iná sì wà, òun á jókòó lórí ẹní, èmi á jókòó lórí àga ọkọ wa, èyí tí mo gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹjọ òkú. Bí àwọn òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, etí mi ṣì dá ṣáká. Bí wọ́n bá dákẹ́ tí orin bẹ̀rẹ̀, mo máa fi ọ̀pá mi kan ilẹ̀, òun á sì sọ ohun tó ń rí fún mi.

Kò sí ẹni tó bèèrè èrò mi lórí àwọn fíìmù wọ̀nyí, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Èyí tí ìyáálé ti fi májèlé sínú ọbẹ̀ ọmọ ìyàwó kékeré kò ní láárí. Kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ tí orogún mi fi sọ pé, "Ìyáálé rèé, ó wọ awò ojú, ó ń ka ìwé ìròyìn." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun ló máa pànìyàn. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wo eré Yorùbá, n kò tíì rí ìyáálé tó kàwé tí kì í ṣe ìkà. Ta ló ń kọ àwọn ìtàn wọ̀nyí? Mo ní ó dá mi lójú pé ọmọ ìyàwó kékeré ni gbogbo wọn.

Orogún mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ìyáálé mi. Ẹ̀yin ò fún ọmọ tèmi ní májèlé."

"Mo rò ó wò."

"Mo mọ̀. Ṣebí ìdí nìyẹn tí mo fi ń se tirẹ̀ lọ́tọ̀."

Fíìmù ogun kan tún wà. Ọmọ Ìjàyè ni mí. Ìyá ìyá mi sọ fún mi ohun tí ìyá tirẹ̀ fojú rí: bí ebi ṣe mú wọn nínú odi ìlú, bí àwọn abiyamọ ṣe ń fa ọmọ wọn lé àjèjì lọ́wọ́ kí ọmọ náà lè rí nǹkan jẹ. Kì í ṣe ìtàn tí à ń fi ṣeré. Nínú fíìmù yìí, ìlú ti ń jó, àwọn obìnrin ń ké, mo sì kan ilẹ̀ pé kó sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi.

"Wọ́n sanra," ó ní. "Wọ́n sì lẹ irun mọ́ ìpéǹpéjú."

"Gbogbo wọn?"

"Àti ẹni tí wọ́n ti pa. Èékánná rẹ̀ pupa, ó gùn. Irú èyí kò lè gúnyán kógun tó dé."

Mo ní kó pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Ti àwọn ará Kòríà ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọbìnrin orogún mi ló kó wọn sínú fíláàṣì fún wa. Àwa méjèèjì kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Nígbà tí mo ṣì ń ríran, tí a ṣì ń lo tẹlifíṣọ̀n kékeré àtijọ́, èmi ni mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. N kò ní purọ́: bí inú rẹ̀ bá ń bí mi, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn jù ni mo ti máa ń panu mọ́. Á ní, "Kí ni wọ́n wí, ìyáálé mi?" Èmi á ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn tó kàwé ni." Ẹ̀san ti dé báyìí. Èmi kò rí i, òun kò lè kà á. Ojú wọn ló ń wò, tó ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Àwọn ará Kòríà tirẹ̀ a máa bú ara wọn bí àwọn tó ń du ààyè ní ọjà Adégbayì. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí obìnrin tí wọ́n lé jáde. Ìyáálé ni, tíṣà ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ìyẹn nìkan ti tó fún mi láti yin àwọn tó ṣe é. Ọkọ rẹ̀ mú ìyàwó mìíràn wá, ó sì ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu gbogbo wọn, fèrè nìkan ló ń dún. Mo kan ilẹ̀.

"Ó ti dé ẹnu géètì," orogún mi wí. "Ó ru báàgì. Kò wẹ̀yìn." Mo tún kan ilẹ̀. "Ẹ dúró o. Ọkùnrin náà ti jáde. Ó ń sáré bọ̀. Bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, kò dúró mú un. Ó ti kúnlẹ̀. Ó di báàgì náà mú, kò jẹ́ kó lọ."

Mo sunkún bí ọmọdé. Gbogbo ẹni tó pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ náà ni mo ní kó lọ wò ó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ni wò ó. Nínú gbogbo wa tí a jọ wà ní yàrá àwọn olùkọ́ nígbà náà, èmi àti ẹ̀ ló kù tí a ṣì ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọ̀sán Sátidé ló wá kí mi. A jókòó níta gbangba, orogún mi wà ní ilé ìdáná lẹ́yìn wa, ó ń bẹ iṣu.

"Kí ni mo ṣe ọ́," ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀, "tí o fi ní kí n lọ wo irú fíìmù yẹn? N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà."

"Ibi tí ọkọ ti kúnlẹ̀ kò dùn mọ́ ọ ni?"

"Ọkọ ta ló kúnlẹ̀?"

"Lẹ́nu géètì nígbẹ̀yìn."

"Kúnlẹ̀ kẹ̀? Ọkùnrin burúkú yẹn! Ó ti géètì mọ́ ọn ni, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Obìnrin náà jókòó lórí báàgì, òjò bẹ̀rẹ̀, ó parí."

"O ti sùn lọ kó tó dé ibẹ̀."

"Nínú èmi àti ìwọ, ta ni kò ríran?" Bó ti sọ ọ́ tán ló gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n má bínú. N kò bínú sí i. Ohun tí mo ń gbọ́ ni pé ìró ọ̀bẹ ti dákẹ́ ní ilé ìdáná.

Mo bi í léèrè fíìmù mìíràn, ti ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Lẹ́nu orogún mi, ọmọ náà padà dé kí ìyá tó kú. Ọ̀rẹ́ mi ní kò dé, fọ́tò rẹ̀ ni ìyá náà gbé sáyà. Èyí tí ìyáálé ti fi májèlé sí ọbẹ̀ nìkan ló bá ara mu, nítorí pé ẹnu ìyáálé inú fíìmù náà ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi lọ, mo sì jókòó síbẹ̀. Ẹ lè ní kí ni ó wà nínú ìyẹn. Ẹni tó bá lè ti orí ara rẹ̀ mú ọkùnrin jáde, tó lè bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí n má bàa jiyàn, kí ló tún ti sọ fún mi rí?

Ọdún mọ́kànlá rèé tí ọkọ wa kú ní ọsibítù. Orogún mi ló wà lẹ́bàá rẹ̀. Èmi wà nílé, nítorí mo ti búra pé èmi àti orogún mi kò ní jókòó lórí bẹ́ńṣì kan. Ní ìyálẹ̀ta ló wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Wọ́n ti lọ, ìyáálé mi. Ẹ̀yin ni wọ́n pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè yín. Wọ́n ní, 'Tíṣà mi dà?'"

Tíṣà mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tó ń kọ sí mi kí a tó fẹ́ra. Láti ọjọ́ tí orogún ti wọlé, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni mo fi gbé ọdún mọ́kànlá. Òun náà ni mo fi ń na orogún mi. Ìjà yòówù tí a bá jà, iyọ̀ ni o, omi ni o, mo máa ń fi í parí rẹ̀: "Ìwọ lo jókòó tì í, èmi ló pè." Kò fèsì rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ìtìjú ni mo rò pé ó dí i lẹ́nu.

Mo wá ń tú u wò bí ẹni ń tú aṣọ àlòkù. Ta ni kò mọ̀ mí sí Tíṣà? Ẹni tó ń ta epo lójúde mọ̀ mí sí Tíṣà. N kò mọ nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè wá a. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ kẹ́yìn, òun náà ló ń kán oògùn sójú mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tó bá ń purọ́ kò lè dúró níwájú mi títí mo fi ka ẹẹ́ta. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò. N kò kọ́ ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí orogún mi kírun alásárì tán, ó tan fíìmù àwọn ará Kòríà. Tọkọtaya arúgbó kan ni.

"Ìyàwó," mo ní, "ọ̀rẹ́ mi ní ọkùnrin yẹn ti géètì ni."

"Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́."

"Kí ló dé tí o fi purọ́ fún mi?"

"Fíìmù ni, ìyáálé mi. Kí ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọkọ rẹ̀, géètì kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ẹ ti ń sunkún kó tó dé ibẹ̀. Mo wò ó, kò dáa bó ṣe rí, mo bá tún un ṣe."

"Ọjọ́ tí ọkọ wa kú ńkọ́?"

Mo gbọ́ tó yí ìjókòó padà lórí ẹní.

"Mo ti sọ ìyẹn fún yín."

"Tún un sọ."

"Wọ́n lajú," ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, bó ṣe máa ń rọ̀ nígbà tí orin bá ń lọ tí kò sí ọ̀rọ̀. "Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, 'Tíṣà mi dà?' Mo ní ẹ ti ń bọ̀. Wọ́n tún pè yín. Mo ní ẹ ti dé ẹnu géètì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n pè yín kí wọ́n tó lọ."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ó wà lẹ́nu mi láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti la ẹnu. Bí mo bá sọ ọ́, òun á dá mi lóhùn, èmi ò sì ní mọ̀ bóyá ìdáhùn náà ni òótọ́ tàbí ó tún ti tún un ṣe. Tó bá sì wá jẹ́ òótọ́, tí kò sì dára, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe lọ́jọ́ orí mi yìí? Mo gbé e mì.

"Kí ni àwọn arúgbó yẹn ń ṣe?" mo bi í.

"Wọ́n jókòó létí omi."

"Kí ni wọ́n ń wí?"

"Obìnrin náà ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Ọkùnrin náà ti na ọwọ́ sí i."

"Lóòótọ́ ló na ọwọ́?"

"Ó na ọwọ́, ìyáálé mi."

Mo gbójú sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Èéfín ni. Mo fi ọ̀pá kan ilẹ̀ pé kó máa sọ ọ́ lọ.