Igi Tí Àdúgbò Wa Kọ́kọ́ Kọ̀

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tí ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn lọ sọ́jà ní Ejìnrìn, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni pe ìpàdé nítorí igi rí. Igi wà níbi tó wà, àwa náà wà nídìí rẹ̀. Ọjà wa wà létí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi a sì máa kó èèyàn àti ẹrù wá láti Ẹ̀pẹ́ àti Èbúté Ìkòròdú. Abẹ́ igi ni ìyá mi máa ń pàtẹ ẹja gbígbẹ rẹ̀ sí. Bí oòrùn bá ti ń yí ni a ó máa gbé àtẹ tẹ̀lé òjìji. Ẹni tó bá tètè dé ló ń jókòó síbi tó tutù jù, ẹni tó bá pẹ́ á fi ìborùn bo orí.

Bàbá àgbàlagbà kan wà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, àwọ̀n ló ń hun. Igi odán ńlá kan dúró láàárín ilé wa àti tirẹ̀. Láti àárọ̀ ni bàbá yìí ti máa ń wà nídìí rẹ̀, á máa hun àwọ̀n, á sì máa dáhùn ìkíni gbogbo ẹni tó ń kọjá. Àwa ọmọdébìnrin là ń gbá ibẹ̀. Bí a bá gbá a tán láàárọ̀, ewé mìíràn á ti kún un kó tó di ọ̀sán. Mo kórìíra iṣẹ́ yẹn, n kò ní purọ́ fún yín.

Lọ́dún kan, ìjì líle jà kí òjò tó dé. Ẹ̀ka kan ya lára igi náà, ó wó lu ilé ìdáná bàbá nígbà tó wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá sì kán. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó wálé, wọ́n ní àfi kí wọ́n gé igi náà lulẹ̀. Bàbá wà lórí ẹní, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, "Ẹ gé èyí tó nà sórí ilé mi, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Tí ẹsẹ̀ yìí bá san, ṣé inú oòrùn lẹ fẹ́ kí n máa jókòó hun àwọ̀n?"

Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin àdúgbò gun igi lọ, wọ́n gé ẹ̀ka tó kọjú sí ilé. Ìyá mi àti àwọn obìnrin yòókù rí igi ìdáná tí wọ́n fi yan ẹja fún ìgbà pípẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá san, ó ń tiro díẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ, ọkọ mi sì mú mi wá sí Ìkòròdú. Ibi tí a kọ́lé sí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Nígbà tí a kó débẹ̀, igi máńgòrò pọ̀ níbẹ̀, igi fúrúùtù náà sì wà, èyí tí àwọn ọmọ ń fi òkúta fọ́ èso rẹ̀ jẹ. Kò sẹ́ni tó pète pé òun fẹ́ pa wọ́n run o. Onílé kan gé tirẹ̀ kó lè mọ fẹ́ǹsì, òmíràn gé tirẹ̀ kí mọ́tò lè ráyè wọlé, àwọn oníná gé èyí tó kan wáyà. Ìgbà tí ojú wa máa là, kò sí igi kankan mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó wa dé òpin rẹ̀. Tí kò bá sí iná, inú ilé kò ṣe é gbé, ìta kò ṣe é jókòó sí.

Tíṣà kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ìyàwó rẹ̀ yá ilé sí ẹ̀gbẹ́ wa. Ooru mú kí ara ọmọ wọn sú, ọmọ náà kì í sùn, àwọn òbí rẹ̀ náà kì í sùn. Tíṣà yìí ló wá sí ìpàdé àwa onílé, ó ní òun mọ ibi tí òun ti lè rí igi kéékèèké gbà lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹ jẹ́ ká gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Láńlọ́ọ̀dù kan ní, "Gbòǹgbò rẹ̀ á la fẹ́ǹsì mi." Òmíràn ní ewé á dí gọ́tà, omi á wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ní Èkó ní òun kì í sí nílé, ta ni yóò máa gbálẹ̀? Ẹnì kan tún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ayálégbé ni yín. Tí ẹ bá kó lọ lọ́la, ta lẹ fẹ́ fi igi yín sílẹ̀ fún?"

Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ àti súgà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ti dìde. Opó ni, láti Ọ̀yọ́ ló ti wá, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá gbin igi síwájú ibi tí mò ń gbé, màá fà á tu lójú rẹ̀." Ó sì jáde. Àwọn kan ní ó ya aláfojúdi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ ra ọṣẹ. Mo jókòó. Mo ní, "Ìyàwó mi, kí ni igi ṣe fún ẹ?"

Ó wá ní, "Màmá, igi ló pa ọkọ mi. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú òjò, igi wó lù ú lójú títì. Gbogbo àdúgbò tí a ń gbé ní Ọ̀yọ́ nígbà náà ló mọ̀ pé inú igi yẹn ti jẹrà. Àwọn onílé ní ti ìjọba ni. Àwọn ìjọba ní àwọn ń bọ̀. Wọn ò dé títí igi fi wó."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó yá mo ní, "Ṣé o lè bá mi lọ sí ìpàdé, kí o sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí?" Ó ní òun ò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, mo rí i tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ó sọ ọ́ o. Ẹni tó rẹ́rìn-ín níjọ́sí kò lè gbé orí sókè. Tíṣà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ̀."

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. A ò tún jiyàn mọ́ bóyá igi dára àbí kò dára. Ohun tí a ń béèrè ni pé: igi wo ni kì í ga jù? Ibo ni kò ti ní kan wáyà? Ta ni yóò máa gé ẹ̀ka rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀? A yan ilé tí yóò máa bójú tó igi kọ̀ọ̀kan, onílé tó bá ní òun kò fẹ́, a fò ó. A gbin àwọn igi náà, a sì fo iwájú ilé tí opó yìí ń gbé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yè. Ewúrẹ́ jẹ òmíràn, láńlọ́ọ̀dù onífẹ́ǹsì gbà kí wọ́n gbin ọ̀kan, ó tún hú u nígbà tó yá. Tíṣà ti kó lọ báyìí, lóòótọ́. Igi tó gbìn wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ti ń sinmi. Bí ó bá ti ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀, opó yìí fúnra rẹ̀ ló máa ń rìn láti ìdí igi kan dé òmíràn, á máa gbójú sókè. Á wá wọlé tọ̀ mí wá pé, "Màmá, ẹ̀ka lọ́hùn-ún yẹn ti gùn o, ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gé e." Títí di òní, kò sí igi níwájú ibi tó ń gbé, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú un.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé ìgbà èwe wa, ẹbí kan náà là ń jẹ́, a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníkálukú, a kì í bi ara wa léèrè. Nísinsìnyí, ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀ yàtọ̀, ògiri ló wà láàárín wa, a ò mọ ohun tí aládùúgbò gbé wá látilé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́ igi, ẹ má tètè pè é ní aláìmọ̀kan. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í ní ohun tí igi ti ṣe fún un.