Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kò Gbọdọ̀ Pè

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan àti òórùn ọ̀dà tútù: bí méjèèjì bá pàdé nímú mi lónìí, pápá ìpàtẹ ọjà Òmù-Àrán ni ọkàn mi ń sáré lọ. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ òórùn ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n tọjọ́ yẹn yàtọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kun àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní àwọ̀ ewé ni, ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tán, a sì ti rin odidi àpò ẹ̀gẹ́ kan lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n lè rí i pé ẹ̀rọ wa kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ṣòkòtò tí ọ̀dà náà ta sí lára ṣì wà nílé títí dòní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyàwó mi ti fẹ́ sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀, mo kọ̀ jálẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ ni mo bá lọ síbẹ̀ o. Síkánà ni iṣẹ́ tèmi. Gbogbo ẹni tó bá wọ pápá ni wọ́n ń fún ní káàdì kan tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọrùn, àmì dúdú-funfun onígun mẹ́rin sì wà lára rẹ̀. Bí a bá gbé síkánà sí àmì yẹn, á dún "tín!", orúkọ oníkáàdì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ á jáde. A óò wá tẹ ohun tó fẹ́ rà sí i, kí a lè pè é lẹ́yìn ìpàtẹ. Ní ìpàtẹ tó ṣáájú èyí, inú ìwé la kọ orúkọ sí. Òjò pa ìwé náà, ohun tó sì ṣẹ́kù tó ṣeé kà kò ju "Ìyá Ràfá, Èsìẹ́" lọ. Ìyá Ràfá mélòó ló wà ní Èsìẹ́? Ọ̀gá wa bínú gidigidi. Ó ní bí ìpàtẹ yìí náà bá lọ láìmú oníbàárà wá, òun á ti ilé iṣẹ́ wa ní Òmù-Àrán, òun á kó gbogbo irinṣẹ́ lọ sí Ìlọrin. Àwa mẹ́sàn-án là ń jẹun níbẹ̀. Èmi ni mo sì dá a lábàá pé ká yá síkánà, nítorí náà ọrùn mi ni gbogbo rẹ̀ wà.

N kò fẹ́ àṣìṣe rárá. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé kan náà máa ń gbé káàdì ara wọn kọ́rùn, mo wá pàṣẹ pé bí orúkọ bá ti jáde, ẹni tó mú síkánà dání gbọ́dọ̀ kà á sókè ketekete, kí oníkáàdì dáhùn pé "Èmi ni", kó tó tẹ nǹkan míì. Ìyàwó ilé kan láti Èsìẹ́, tí a gbà síṣẹ́ fún ìpàtẹ náà, ni mo fi síkánà àkọ́kọ́ lé lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. A dánra wò títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, kò sí wàhálà kankan, nítorí pé orúkọ ara wa nìkan là ń pè. Ọgbọ́n mi ti pọ̀ jù lójú ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohun gbogbo ń lọ déédéé títí tí ẹgbẹ́ àwọn onígààrí Èsìẹ́ fi dé. Bàbá kan tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ló ṣáájú wọn. Ìyàwó gbé síkánà sí káàdì rẹ̀, ó dún "tín!", ó wo orúkọ tó jáde, ó sì dúró gbagidi bí ère òkúta Èsìẹ́.

"Ìyàwó, pè é," mo sọ fún un.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn."

Àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i lẹ́yìn wọn, ọ̀gá wa sì ń wò wá látọ̀ọ́kán. Ara mi gbóná. Mo já síkánà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pe orúkọ bàbá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbọnmọgbọnmọ, láìfi Bàbá tàbí Àlàájì ṣáájú. N kò ní tún un pè níbí o. Bàbá bọ́ káàdì lọ́rùn, ó rọra gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ̀rọ yín ò ní ẹ̀kọ́ ilé," ó wí, ó sì yíjú padà. Gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn irinṣẹ́ tó máa kó lọ sí Ìlọrin. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni mo gbé dàgbà, n kò sì lè fi ìyẹn wí àwíjàre. Ṣebí ìyá mi náà kò pe àbúrò bàbá mi lórúkọ rí? "Akọ̀wé" ló ń pè é, títí tí èmi fi rò pé orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ tirẹ̀ ló máa ń fún un, orúkọ tó bá fi ìfẹ́ wò ó rí. Mo mọ èyí dáadáa, mo sì lọ to ẹ̀rọ tó máa fipá la ìyàwó lẹ́nu. Ojú tì mí.

Mo bi ìyàwó pé, "Kí lo wá ń pè wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Eyínfúnjowó."

Bí ó ti sọ ọ́ báyìí ni orí mi ṣí. Àyè kan wà nínú síkánà tí a kò lò fún ohunkóhun. Mo kọ ìbéèrè kan síbẹ̀: Kí ni wọ́n ń pè yín nílé? Mo pa orúkọ inú káàdì mọ́, kó má fojú hàn mọ́, mo sì ní nọ́ńbà fóònù la óò máa fi dá oníkáàdì mọ̀. Òógùn ń sọ̀ kalẹ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gbà á. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló tẹ Eyínfúnjowó sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé káàdì bàbá, a sì sáré.

Abẹ́ máńgòrò ẹnu ọ̀nà la ti bá wọn, níbi tí wọ́n ti ń dúró de mọ́tò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó gbé síkánà sí káàdì náà. Tín!

"Eyínfúnjowó, ṣé ẹ̀yin rèé?"

Bàbá wò ó. Ó wò mí nílẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò sì ju mẹ́rin lọ, obì ti kun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Èmi ni o!" ó dáhùn. "Dìde, ọmọ yìí."

Bí wọ́n ṣe padà wọlé nìyẹn, ìròyìn sì ti ṣáájú wa. Àwọn tó ti kọjá tẹ́lẹ̀ padà wá, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kí ẹ̀rọ pe àwọn. Adúmáadán láti Òwu-Ìsin fẹ́ ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́. Ìbàdíàrán fẹ́ agbada ìyangààrí ńlá. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá wa alára ti gba síkánà kan, ó ń bi àwọn èèyàn pé kí ni wọ́n ń pè wọ́n nílé, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò bínú rí. Nígbà tí a wá ń pe fóònù wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó pa á mọ́ wa létí. Ta ló máa gbọ́ orúkọ ilé rẹ̀ tí kò ní jẹ́?

Ilé iṣẹ́ wa kò kúrò ní Òmù-Àrán. A tún gba èèyàn kún un. Èsìẹ́ la kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ lọ, bàbá sì ti ní ká fi ọ̀dà funfun kọ Eyínfúnjowó gàdàgbà sí i lára. Lọ́jọ́ tí a gbé e dé, ó bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé?" Mo ní n kò ní. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó ní kó sọ mí lórúkọ. Ìyàwó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Akórúkọjọ."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ Èsìẹ́, àwọn ọmọdé ò mọ orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí mi. Orúkọ àwọn ẹlòmíì ni mo bá lọ sí ìpàtẹ yẹn, n kò mọ̀ pé èmi náà ò tíì ní. Bí wọ́n bá ti ké "Akórúkọjọ!" lókèèrè báyìí, mo máa ń dáhùn kíákíá pé, "Èmi ni o!"