Bẹ́ẹ̀dì kan tó kù nínú ọgbà

"Dọ̀bálẹ̀ dáadáa o," ni ìyá mi wí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì obìnrin tó ń mójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì. "Má kàn tẹ̀ríba bí ọmọ Èkó."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Monrovia láti Ìbàdàn ni, níbi tí ìyá àgbà ti tọ́ mi dàgbà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìyá mi ti ń ṣe olùkọ́ níbí, ó ń dá gbé yàrá kan ní Vai Town. Ó ní kí n máa ti ibẹ̀ lọ sí yunifásítì. Kí ó máa bi mí bóyá mo ti fọ eyín? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Àwọn kan ń pín yàrá gbé ní Clara Town, ṣùgbọ́n ariwo àwọn wẹ́dà kò jẹ́ kí wọ́n kàwé. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló kù nínú ọgbà, ó sì wọ̀ mí lójú gan-an.

Bí a ṣe wọlé, mo na gbalaja sórí símẹ́ǹtì. Obìnrin náà fò dìde.

"Eh! My son, whatin you do? Who you wound?"

Kí n tó lanu, ó ti kọjú sí ìyá mi pé òun kò fẹ́ oníjàngbọ̀n nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì òun, kò sí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ìyá mi ń wo àjà.

Lẹ́nu géètì, a pàdé ọ̀gá ilé ìwé tí ìyá mi ti ń kọ́ni, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ìyá mi fa kọ́là mi.

"Dìde jàre! Níbí, ẹni tó bá ṣẹ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo wò ó. Ó yíjú sí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń dúró dè wá.

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Bọ́ sínú kẹ̀kẹ́."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo sáré padà sí ọ́fíìsì. Mo dúró ṣánṣán, mo na ọwọ́ sí àgbàlagbà, ọwọ́ tí ìyá àgbà ì bá fi ìgbájú dá padà. Obìnrin náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ìka wa ta pàù bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbí. Mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń kíni nílé wa nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

"So you ain't wound nobody?"

"No, Ma."

Ó fún mi ní bẹ́ẹ̀dì.

Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń jó lórí ìjókòó, mo ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a kọjá afárá, ó yíjú sí mi.

"Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ lo ti dàgbà," ó ní. "Ìgbà wo ló máa wá kàn mí?"