Yàrá Tí Èrò Kì í Sùn Sí

Ilé èrò ìyá àgbà mi ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù kì í ṣe ohun tí à ń fi yangàn. Ògiri amọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ìdun sì ń bẹ nínú ẹní. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò obì láti Òkè Ọya kì í sùn níbòmíràn. Yàrá kan ṣoṣo ni wọn kì í wọ̀, ìyẹn yàrá tí wọ́n sin bàbá àgbà mi sí. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ń sùn. Ó máa ń nawọ́ sí ilẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, á ní, "Ibí ni tèmi."

Nígbà tí wọ́n ṣí títì márosẹ̀, èrò kò wọ ìlú mọ́. Ní Interchange, oríta márosẹ̀ náà, ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Bàbá mi ní àfi kí òun wó ilé náà, kí òun kọ́ òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ìyá rẹ̀ ní òun gbà, bí wọn kò bá ti fọwọ́ kan yàrá yẹn. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ṣèlérí. Mo mọ̀ pé ìlérí kì í wọ́n lẹ́nu bàbá mi.

Bíríkìlà ní ilé náà kò lè dúró láìsí òpó nínú yàrá náà. Lọ́jọ́ kan tí ìyá àgbà lọ sọ́jà, wọ́n gbé òpó kọ̀ǹkéré lé ọkọ rẹ̀ lórí, ìdí òpó náà sì gba ilẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi dúró tì wọ́n, ó ń ní kí wọ́n ṣe kíá. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi.

Ìyá àgbà dé, ó fọwọ́ kan kọ̀ǹkéré tútù náà. Kò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo ni, ọkàn mi ìbá balẹ̀. Ó ní, "Níbo ni wọn ó wá sin èmi sí?"

Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ẹ má sọ̀rọ̀ ikú. Ẹ ó pẹ́ láyé."

Láti ọjọ́ náà, bí bàbá mi bá dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, ìyá àgbà kì í ṣàdúrà fún un mọ́. Yóò kàn ní, "O jí?" Ilé ń ga sí i, bàbá mi sì ń rù. Gbogbo wa rí i, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Wọn kò tíì kan òrùlé tó fi kú.

Òbí kì í wo ibojì ọmọ, nítorí náà àwọn àgbà ẹbí fi ìyá àgbà pa mọ́ sí yàrá. Wọ́n wá bi í bóyá kí wọ́n sin bàbá mi sínú ilé tó ń kọ́ náà. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.

"Ẹ gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ẹ má sin ọmọ mi síbi tí ọmọ tiẹ̀ náà á ti kọ́lé lé e lórí."

Èmi ni ìyá àgbà ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.