Nọ́ńbà Kan fún Etí Méjì

Inú ṣì ń bí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní yunifásítì náà, irun orí mi ti ń funfun, síbẹ̀ bí ẹnìkan bá sọ níwájú mi pé "mi ò gbọ́," ara mi á gbóná, màá sì rántí yàrá gbọọrọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, láàbù ni a ń pè é.

Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀lé. Ilé bàbá mi ní àdúgbò Ìlódè ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa, tó jẹ́ olùkọ́ àgbà nínú ìmọ̀ èdè, pè mí pé òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àmì ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dé hẹ́dífóònù sórí, yóò gbọ́ igbá, igba, ìgbà, yóò sì fi àmì sí i bó ṣe gbọ́ ọ. Ohun kan ló tẹnu mọ́ jù.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ohùn padà. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á máa yí i sókè yí i sódò, wọ́n á sọ láàbù mi di ọjà. Dè é mọ́lẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Ó ti yé mi, sà."

Káàdì pẹlẹbẹ kan ló ń mú ohùn jáde nínú kọ̀ǹpútà. Èèyàn ò kàn lè bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti to àwọn àṣẹ kan sínú ìwé: bí o bá fẹ́ kí ohùn ròkè, pe àṣẹ báyìí, kí o fún un ní nọ́ńbà, bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ohùn wà, pe àṣẹ tọ̀hún, òun náà á fún ọ ní nọ́ńbà. Fọ́tòkọ́pì ìwé yẹn ni mo ní, ó ti ṣá, àwọn ojú ewé kan ò sì ṣeé kà dáadáa. Mo rí àṣẹ tí mo ń wá, mo fún un ní nọ́ńbà ńlá kan. Mo wá ní kí ètò mi máa pe àṣẹ náà léraléra ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì, kó lè jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yí ohùn padà, yóò tún padà síbi tí mo fi í sí. Káàdì dá mi lóhùn pé òdo, ìyẹn ni pé kò sí ìṣòro. Mo sì gbọ́ ohùn ketekete láti inú àpótí sípíkà tó wà lórí tábìlì mi. Méjì ló yẹ kí àpótí náà jẹ́, ṣùgbọ́n ti apá ọ̀tún ti kú kí n tó gba iṣẹ́ níbẹ̀. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Tíṣà ni gbogbo àwọn tó wá ṣe ìdánwò, àwọn tó ń fi ìsinmi ilé ìwé wọn wá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè. Ìdánwò yìí ló máa sọ ẹni tó máa tẹ̀ síwájú àti ẹni tó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń wọlé. Nínú ìpín kẹrin, tó kẹ́yìn, obìnrin kan wà tó ń ti Ìpetumodù wá, á tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó wọ bùbá àti ìró tó lọ̀ dáadáa, ó sì kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jókòó. Ìdánwò ò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó fi nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́."

Ọ̀gá wa ò tilẹ̀ dìde. "O ò gbọ́ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè, sà. Mi ò gbọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni o ò gbọ́? Ìwọ tó o ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Bí o ò bá gbọ́ Yorùbá, kí lo wá ṣe níbí? Jókòó, kó o ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe."

Obìnrin náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí, "ìwọ" ló sì ń bá a lò níwájú èèyàn. Ọkùnrin tó ti fi èdè gba oyè lórí oyè, ṣé kò mọ̀ pé gbọ́ tí à ń fi etí gbọ́ yàtọ̀ sí gbọ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yéni? Ó mọ̀. Kò kàn bìkítà ni.

Obìnrin náà jókòó. Ó rí àwòrán tó ń darí ohùn lójú kọ̀ǹpútà, ó fà á sí ọ̀tún, ètò mi dá a padà. Ó tún fà á, ó tún padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, mo ń wò ó, inú mi sì ń dùn pé ìdè mi le dáadáa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o: inú mi ń dùn.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó wá bá mi nídìí tábìlì mi.

"Àbúrò mi, ẹ má bínú. Etí òsì mi ti dí láti kékeré, àìsàn ló fà á. Ọ̀tún ni mo fi ń gbọ́ràn, nǹkan tẹ́ ẹ fún mi yẹn ò sì sọ ohunkóhun sí mi lọ́tùn-ún. Ọdún kẹta mi rèé níbí. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, mi ò lókun láti tún ibòmíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá."

Mo ní hẹ́dífóònù yẹn ló bàjẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan hẹ́dífóònù wa máa ń kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kù fi dákẹ́: etí kan ni gbogbo wọn fi gbọ́, wọ́n sì gbà pé bí nǹkan ìjọba ṣe ń rí nìyẹn. Mo ki hẹ́dífóònù náà bọ rédíò mi. Ọ̀tún ń kọrin, òsì ń kọrin. Mo yẹ mẹ́sàn-án tó kù wò, bákan náà ni. Mo bá padà sídìí fọ́tòkọ́pì mi, mo gbé ojú ewé tó ṣá náà sétí fèrèsé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ wà fún etí òsì, ìdajì kejì wà fún etí ọ̀tún. Mo ti rọ ti òsì kún dẹ́nu. Òdo ni mo fi sí ti ọ̀tún.

Ọ̀fíìsì ọ̀gá ni mo gbà lọ. Ó ń kọ orúkọ àwọn tó yege lọ́wọ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Sà, àṣìṣe mi ni. Etí ọ̀tún ò gba nǹkan kan nínú ìdánwò yẹn."

"Èèyàn mọ́kàndínlógójì gbọ́. Ẹyọ ẹnìkan ló ní òun ò gbọ́. Mi ò lè torí etí ẹnìkan ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì."

"Kò gbọ́ lóòótọ́ ni, sà."

"Máa lọ sídìí iṣẹ́ rẹ."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí àyà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wá wo nǹkan kan ní láàbù, ó sì tẹ̀ lé mi, ó ń kùn. Mo tan ìdánwò náà. Mo gbé apá ọ̀tún hẹ́dífóònù lé e létí, mo di apá òsì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi pinpin. Ó dúró. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ó ní, "Mi ò gbọ́."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ẹ ò gbọ́, sà?"

Ó wò mí bíi pé kó gbá mi létí. Ó rọra gbé hẹ́dífóònù náà sílẹ̀, ó ní kí n pe obìnrin náà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì jáde.

Mo tún nọ́ńbà náà kọ. Obìnrin náà tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, ó sì yege ju àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín lọ. Ọ̀gá wa ò tọrọ àforíjì. Ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó ní ẹ̀rọ ló kọṣẹ́. Irọ́ gbuu! Ẹ̀rọ ò kọṣẹ́, ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sì dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́. Mo mi orí bíi pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kí obìnrin náà tó lọ wọ ọkọ̀ Ìpetumodù, ó gbé iṣu méjì wá fún mi láti oko rẹ̀.

"Àbúrò mi, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ mi."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹnu mi là láti sọ fún un pé èmi ni mo di etí rẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé, mà. Ọkọ̀ á gbé yín ire."

Mo se ọ̀kan nínú iṣu náà jẹ nígbà tí mo délé. Ó dùn. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.