Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí màámi láàárín pápá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pariwo lónìí títí ohùn mi fi há!

Màámi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó gbá họ́kì fún ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n tó bí mi. Kíláàbù kan ní Becontree Heath nílùú òyìnbó níbí ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbá fún àwọn.

Bó ṣe wọ pápá, bùọ̀dá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ṣé ọ̀dọ́ tán nílùú ni?"

Inú bí mi. Mo ní, "Bùọ̀dá, màámi nìyẹn, ẹ ṣáà máa wòran."

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ màámi ò yá mọ́. Àmọ́ ọwọ́ yẹn! Ó fi ọ̀pá họ́kì gé ẹni méjì kọjá. Ló bá ku ọmọge kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Ó wo ojú màámi, ó rí àgbà, ni orúnkún ẹ̀ méjèèjì bá kanlẹ̀:

"Ẹ káàsán mà!"

"Káàsán, ọmọ mi."

Bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n!

Nígbà tí wọ́n gbá a tán, ọmọ náà wá ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, torí kóòṣì ẹ̀ ti bú u. Màámi gbá a mọ́ra.

"O káre, wọ́n kọ́ ẹ nílé. Àmọ́ tá a bá tún pàdé, kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi ná, kó o tó kí mi."

Bùọ̀dá wa bá yíjú sí mi: "Mọ́mì yín ò wá ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbá họ́kì ni?"

Ṣé góòlù yẹn kà àbí kò kà? Ẹni tó bá ní kò kà, kó wá sọ ọ́ lójú màámi.