Ushijima àti Ìkòkò Èèrí Rẹ̀

Ìpàdé tí gbogbo èèyàn fi ń rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ushijima kò pẹ́ rárá, kò sì sẹ́ni tó pariwo níbẹ̀. Gíwá Hidaka, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga nígbà náà, ló pè é. Ó fẹ́ kó gbogbo ilé ìwádìí kéékèèké tó wà ní yunifásítì wa pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan: ti ìmìtìtì ilẹ̀, ti oorun sísùn, ti omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀, ti ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́, ti ọparun níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́, àti àwọn míì tí àwa onílé gan-an kò lè dárúkọ tán. Ó fẹ́ sọ ilé tuntun náà ní Ibùdó Ọjọ́ Ọ̀la. Ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ.

Ìbéèrè tí a kì í dáhùn nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìpàdé kọ́ la ti ń pinnu ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ máa ti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, á mu tíì, á sọ ti òjò, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, kó tó wá rọra yọ ọ̀rọ̀ náà síta. Nígbà tí ìpàdé bá fi máa dé, ọ̀rọ̀ á ti jinná, kò ní ju ká tẹrí ba ká lọ jẹun. Kuroki, ọ̀gá ilé ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀, ni Gíwá bẹ̀ níṣẹ́ yìí, ó sì ti kan gbogbo ilẹ̀kùn àfi ọ̀kan. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ilé àtijọ́, òórùn kan wá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó yí padà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Ushijima kò ní í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú ìkòkò kan, kí ló fẹ́ sọ?

Ushijima na ọwọ́ sókè. Èèrí ìrẹsì ṣì wà lára ọwọ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Gíwá," ló wí jẹ́jẹ́, "àjèjì lọ̀rọ̀ yìí sí mi. Mo ti jókòó sí ọ́fíìsì mi tipẹ́, omi tíì ń hó lórí iná. Ta lẹ rán wá bá mi?"

Ta ló máa dìde níwájú ìgbìmọ̀ láti sọ pé òórùn ọ́fíìsì bàbá yìí ni kò jẹ́ kí òun wọlé? Gíwá wo Kuroki. Kuroki ń wo bàtà ara rẹ̀. Ẹni tí a kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀, a kò lè ní ó ti gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ìpàdé ṣe lè tẹ̀ síwájú láìsí òun. Gíwá ní òjò ọdún yìí mà tètè dé o, ó sì tú wa ká.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ushijima á máa rò pé oníjà ni. Kì í jà. Ìdúnàádúrà ni tiẹ̀, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ. Tí ẹ bá ní kó jókòó, á kọ́kọ́ béèrè àga wo. Ó ti bá alásè kan nílé ìdáná yunifásítì dúnàádúrà lórí omi ọbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù, tó sì tún wá ní ọbẹ̀ ti tutù, ẹ dín owó rẹ̀ kù.

Ìkòkò náà ńkọ́? Èèrí ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi iyọ̀ àti omi pò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń ri kukumba, ikàn àti kárọ́ọ̀tì mọ́, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, ó ti kan, ó ti dùn, ìrẹsì ti rí alábàárìn. Ilé mélòó ní Kyushu, erékùṣù wa ní Japan, ni kò ní irú rẹ̀ nítòsí ààrò? Ohun tó wà nínú èèrí yẹn ń mí. Èèyàn gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kó rò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bàjẹ́. Ohun tó wà lára ọwọ́ ẹni tó ń rò ó á sì wá di ti ìkòkò, ìdí nìyẹn tí ti ilé kan kì í fi í dùn bíi ti ilé kejì. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ti Ushijima wọ̀ ọ́, wọn kì í sì í tètè rí i yọ.

Ìyá ìyá rẹ̀ ló ni ín. Nígbà ogun, tí iná ń jó àdúgbò wọn, ìkòkò yẹn ni màmá náà gbé sá. Ọkọ rẹ̀ ní ṣòkòtò òun ńkọ́. Ó ní ṣòkòtò á ṣeé rà lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun tí àwọn ìyàwó ilé ń ṣe láìbéèrè ni Ushijima sọ di iṣẹ́ ọpọlọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń gbé inú èèrí náà, ibi tó ti wá, àti ìdí tí ìkòkò fi máa ń bínú, tí á máa rùn bí ẹ̀gbin, lọ́jọ́ tí òun bá bá ìyàwó òun jà. Ṣé ìkòkò mọ̀ ni? Àbí ọwọ́ ẹni tó ń bínú ló ń gbóná jù? Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí èyí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan béèrè àbájáde rẹ̀, ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó òun ti ní kí òun má ṣe mọ́ọ̀mọ̀ wá ìjà nítorí ìwádìí mọ́.

Ẹ gbọ́ ti ọkọ̀ ojú irin. Òun àti Fusae ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ìlú Beppu lọ wẹ omi gbígbóná. Kò lè fi ìkòkò sílẹ̀, ó gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní ohunkóhun tó bá gba ìjókòó gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ushijima ní òótọ́ ni, òfin lòfin ń jẹ́. Ó wá béèrè pé ṣé àwọn àgbàlagbà kì í san iye tó dín kù.

"Bàbá, ìkòkò ni," lọ̀dọ́kùnrin náà wí.

"Mo mọ̀ pé ìkòkò ni. Ọjọ́ orí ẹ̀ ni mò ń bi ọ́."

Àwọn èrò ẹ̀yìn dá sí i. Ìyá arúgbó kan ṣí ọmọrí, ó gbóòórùn, ó jẹ́rìí pé nǹkan yìí dàgbà ju òun lọ dájúdájú. Nígbà tí òórùn náà fi dé ìdí ọkọ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà ní kí ìkòkò máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣáà dé e. Fusae ti kó lọ sí kóòṣì mìíràn, níbi tó ti ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun nìkan ni òun ń rìn.

Lẹ́yìn ìpàdé tó tú ká yẹn, Kuroki di èrò ọ́fíìsì Ushijima. Gíwá ti ní kó padà lọ se ọ̀rọ̀ náà títí á fi jinná. Ó kan ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ bo imú, ó jókòó. Wọ́n mu tíì. Wọ́n sọ ti òjò. Ushijima gbé ìrẹsì àti ikàn kíkan kalẹ̀. Kuroki ní òun ti yó, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún na abọ́. Bó ṣe fẹ́ máa yọ ọ̀rọ̀ síta, bàbá ní kó lọ fọwọ́ ná kó wá bá òun rò ó díẹ̀, apá ń dun òun.

Kò sọ pé òun kò gbà o. Kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní àwọn nǹkan kéékèèké tó fẹ́. Ó fẹ́ kí fèrèsé ibùdó tuntun náà kọjú sí òkun, torí ìkòkò fẹ́ràn afẹ́fẹ́ iyọ̀. Nígbà tí ìyẹn bọ́ sí i, ó ní ìkòkò ń bẹ̀rù ẹ̀rọ agbénigòkè, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n fi í sí. Kuroki á gbé e dé ọ̀dọ̀ Gíwá, Gíwá á gba ìdajì, Kuroki á tún padà wá, wọ́n á tún jẹun. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sú Gíwá, ó gba gbogbo rẹ̀ pátá. Kuroki sáré dé pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀. Ushijima dúpẹ́, ó tẹrí ba, ó ní ó ku ká bi ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Kuroki sanra. Eguchi, obìnrin tó ń darí ilé ìwádìí oorun sísùn, ṣàkíyèsí pé oorun ọ̀sán Kuroki ti jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wá wádìí ohun tó ń jẹ. Òun náà kò lọ mọ́. Àwọn ti ilé ìwádìí omi gbígbóná gbé omi wá dán wò. Èmi náà mú ewé ọparun lọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, n kò rántí bí mo ṣe dé ìdí oúnjẹ. Ushijima á fi òwú nu ọwọ́ kálukú wa, á gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, á máa wò ó tìyanu-tìyanu. Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè, ó bi Kuroki pé níbo ló ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Kuroki ronú títí, ó ní òun ní ajá.

Àìsàn dé sí Ushijima ní àkókò òjò. Ní ọsibítù, kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ó di ọwọ́ Kuroki mú.

"Wọ́n á dà á nù, Kuroki. Mo mọ̀ wọ́n. Tí mo bá ti lọ, wọ́n á ní ó ń rùn, wọ́n á dà á sí gọ́tà."

"Wọn ò ní dà á nù, Bàbá. Mo wà níbẹ̀."

Àwọn nọ́ọ̀sì kò gbà kí wọ́n gbé ìkòkò wọlé. Kuroki ń bu èèrí díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó ń fi í pamọ́ sápò. Ushijima á gbóòórùn rẹ̀, á dijú, á ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Kuroki á padà lọ fi iyọ̀ sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe nìyẹn títí bàbá fi kú.

Gíwá kò yára. Ó jẹ́ kí ètò òkú parí. Ṣùgbọ́n òfin yunifásítì wa ni pé ilé ìwádìí tí kò bá ní ọ̀gá mọ́, títì ni wọ́n ń tì í. Kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó bá Kuroki, Eguchi àti èmi níbẹ̀, torí àwa la ti ń gba ìkòkò rò lọ́wọ́ ara wa. Ó bá Fusae náà, tí Kuroki ti ní kó wá tọ́ ọ wò, kó sì gbé e lọ sílé tó bá wù ú.

Fusae dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ó ní ẹ má bínú o, láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ọkọ òun, òun kò fẹ́ràn òórùn yìí rí, òun kò sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ rí. A gé kukumba fún un. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ó dùn," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ mọ́."

A mọ̀. Ohun tó ti ń bà wá lẹ́rù láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá rò ó, ọwọ́ tiwa ń wọlé, ọwọ́ tirẹ̀ ń jáde. Ọjọ́ tí a bá sì jáwọ́, ó bàjẹ́. Eguchi, tí omi ti lé sí lójú, ní bóyá ká bu èyí tó kù sínú firísà, kí ọwọ́ Bàbá lè dúró síbẹ̀ bó ṣe wà.

"Ṣé yóò máa wà láàyè níbẹ̀?" ni Fusae bi í.

"Yóò sùn, Màmá."

"Ṣé ẹnikẹ́ni á máa jẹ nínú ẹ̀?"

Gíwá húkọ́. Ó ní tí Màmá bá fẹ́ gbé e, òun á wá ọkọ̀ tó máa gbé e dé ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́... Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fusae bọ́ òrùka, ó jù ú sínú báàgì. Ó ká apá aṣọ sókè, ó sì ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò títí ó fi wọ ìgbọ̀nwọ́. "Ẹ kì í dé ìsàlẹ̀," ló wí. "Alaalẹ́ lọkọ mi máa ń ṣàròyé yín fún mi pé ẹ kì í dé ìsàlẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibì kan, ó dúró. Ó fa kukumba kan jáde, ó ti hunjọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. A wojú ara wa. Kò sí ìkankan nínú wa tó ri í mọ́ inú rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, ó fún kálukú wa, ó fún Gíwá náà. Mo ti jẹ ohun kíkan láyé mi, n kò jẹ irú èyí rí. Kuroki dijú pinpin. Gíwá di tábìlì mú. Fusae bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, ó rín in títí ó fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ọkùnrin yìí, gbogbo ìgbà ló máa ń gbàgbé nǹkan. Àárò rẹ̀ sọ gbogbo wa lójijì. Kò sẹ́ni tó fi í pamọ́.

Nígbà tí Gíwá lè sọ̀rọ̀, ó ní ṣé ìrẹsì wà. Ó wà. Ó jẹ ẹ́ lóòró, ó gbé abọ́ lé orí ìwé tó mú wá, ó béèrè ẹni tó máa rò ó lọ́la. Kuroki ní àwọn ti omi gbígbóná ló kàn. Fusae ní rárá, òun ni, kí wọ́n ṣáà sọ fún onígéètì kó má dá òun dúró.

Ó fi omi ṣan ọwọ́. Eguchi na ọṣẹ sí i. Ó wo ọṣẹ náà, ó ní ẹ fi í sílẹ̀. Láti ojú fèrèsé la ti ń wò ó ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó gbé ọwọ́ náà sí imú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e padà síbẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí bọ́ọ̀sì fi dé.